Síídì Méjì fún Ìyá Ìbejì

Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Gàníyù Onífọ́tò,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Kí ẹ tó ka ìwé yìí jìnnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ foríjì mí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọdé bíi tèmi jókòó kí ó máa kọ̀wé sí àgbà tí kò rán an níṣẹ́, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Mo ti kọ ọ́, mo ti fà á ya, mo tún ti mú bébà mìíràn. Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, Bàbá Sàláúdéènì, mo kí ọmọ yín, Sàláúdéènì fúnra rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí ó má bá yín lórí ẹní àìsàn, kí ó sì jẹ́ ọjọ́ tí ọkàn yín fúyẹ́ ni yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rántí mi. Làtíífàt ni orúkọ mi, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àga fún yín lọ́jọ́ tí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji lẹ́yìn ọdún Iléyá, tí ẹ bèèrè bóyá fídíò ìkómọ àwọn ọmọ yín ṣì wà. Ọdún kìíní ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Èrúwà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. A wà ní ìsinmi báyìí, mo sì ń bá Alhaji ṣiṣẹ́ kí n lè mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí èmi náà fi sọ́kàn ní gbogbo ìgbà.

Mo mọ̀ pé ní Tápà, Màmá Sàláúdéènì ni gbogbo ayé ń pè yín. Ẹ gbà mí láyè kí n pè yín ní Ìyá Ìbejì nínú ìwé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì yín ni mo gbé wá. Kẹ́hìndé wà láàyè. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà yín má baà já. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí ó bá Táyé lọ sí Èkó. Ẹ mọ Èkó tí mò ń wí. Ọmọ Igbó-Ọrà ni èmi náà, mo mọ̀ pé a kì í fi orúkọ mìíràn pe ibẹ̀ níwájú ìbejì tó kù nílé.

Ẹ ó fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín lórí fóònù. Nọ́ńbà tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Alhaji, Bàbá Sàláúdéènì ni wọ́n ń gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo pa fóònù. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni.

Iṣẹ́ tí Alhaji gbé fún mi nìyí. Kọ̀ǹpútà wọn ti darúgbó. Inú rẹ̀ ni gbogbo ìkómọ, ìgbéyàwó àti wòlímà tí wọ́n ti yà nílùú yìí wà láti ìgbà tí wọ́n ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Láti ìgbà òjò ló ti ń kan gbọ̀ngbọ̀n nínú, bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Alhaji ní kí n máa kó gbogbo rẹ̀ sórí síídì òfìfo kí kọ̀ǹpútà náà tó dákẹ́. Bọ́ọ̀nù ni a ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó ti síídì náà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, iná kékeré kan á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ á sì kọ àwòrán àti ohùn sí i lára. Tí ó bá ti kọ ọ́ tán, kò ṣeé pa rẹ́, kò sì ṣeé fi nǹkan kún. Ìdí tí Alhaji fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé, "Fóònù á já sí kànga, fíláàṣì á bọ́ lápò. Síídì tí a bá ti bọ́ọ̀nù, bí o ṣe fi í sílẹ̀ lo máa bá a."

Wọ́n ní òfin kan tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ìbejì, méjì ni kí n bọ́ọ̀nù, kí n kọ orúkọ Táyé sí ọ̀kan, kí n kọ ti Kẹ́hìndé sí èkejì. Bó jẹ́ pé àwọn méjèèjì wà nílé, méjì. Bó jẹ́ pé ọ̀kan ti rìnrìn àjò, méjì náà ni. Wọ́n ní, "Làtíífàt, ṣé o rí bí mi ò ṣe lówó? Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nílùú yìí, owó ẹyọ kan ni wọ́n ń san. Ká ní Ìgàngàn ni mo wà ni, níbi tí ìbejì kò pọ̀ tó tiwa, ǹ bá ti kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Kẹ́hìndé fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, Bàbá Sàláúdéènì pe Alhaji pé kí wọ́n fi fídíò ìkómọ rẹ̀ sórí síídì fún un, kí ó lè wà lára ẹrù rẹ̀. Alhaji fi fóònù sí gbangba, mo gbọ́ ọ. Alhaji ní, "Méjì ni a máa ń ṣe o, Bàbá Sàláúdéènì." Wọ́n ní, "Ẹyọ kan ti tó, Alhaji. Ọmọ kan ló wà nílẹ̀." Alhaji yíjú sí mi, wọ́n ní, "Bọ́ọ̀nù ẹyọ kan." Ìyá Ìbejì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Mi ò fi ẹ̀sùn kàn yín, mi ò sì fi kan ẹnikẹ́ni.

Bí mo bá bọ́ọ̀nù tán, mo gbọ́dọ̀ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n lè mọ̀ pé kò bàjẹ́. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo lójú títì. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ tapólì, ẹ ń rẹ́rìn-ín, Ààfáà ń ṣàdúrà lọ́wọ́. Ọmọ kan wà lórí itan yín ọ̀tún, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Itan yín òsì ṣófo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín òsì kákò bí ọwọ́ ẹni tó gbé ọmọ, ẹ sì ń mì í jẹ́jẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ẹ tẹ orí ba, ẹ fi ẹnu kan ibi tí kò sí nǹkan.

Mo sọ fún ara mi pé èmi ni mo ṣì í. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ níwájú mi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Mo ṣí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí mo dà kọ. Ọmọ méjì ni, ọ̀kan lórí itan kọ̀ọ̀kan, aṣọ funfun méjì. Mo padà sórí síídì. Ọmọ kan. Nígbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, níbi tí àwọn àlejò bọ́ bàtà sí. Kò sí nínú ti kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ kékeré ló wọ̀, yẹ́lò, olódòdó. Ó há a láyà, kò dé orúnkún, apá rẹ̀ ti ya lábíyá. Gbogbo àlejò ló kọjú sí Ààfáà. Èmi ni òun kọjú sí.

Mo pe Alhaji. Mo ní kí wọ́n bá mi wò ó, bóyá ojú mi ni. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Làtíífàt, ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun, sà. Wọ́n ní, "Lọ jẹun sí i." Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti yọ síídì náà, wọ́n ti fi máákà kọ Kẹ́hìndé sí i lára, wọ́n sì ti fi ìwé ìròyìn dì í. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí yín, tí Kẹ́hìndé ń gbé lọ́dọ̀ wọn, mú un wá ya pásípọ́ọ̀tù tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bèèrè. Mi ò rí i rí. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun tí ẹ rán sí i, ó mọ́ tónítóní. Nígbà tó wọlé, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi bọ́, nítorí ojú yẹn gan-an ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Alhaji ní, "Sún sáàárín, ìyàwó mi. Ta lo ń fi àyè sílẹ̀ fún?" Ó ní, "Táyé ni." Alhaji gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Táyé ò sanwó fọ́tò o." Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya tiẹ̀ náà. Ó ní aṣọ òun ti há."

Ìyá Ìbejì, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa aṣọ tí mo rí. Mi ò sọ ọ́ fún Alhaji pàápàá. Mo rọra bi Kẹ́hìndé pé níbo ni Táyé wà. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n, ó ní, "Ó lọ sí Èkó. Èmi ni mo rán an. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èmi lẹ̀gbọ́n ni?"

Nígbà tí ó jáde lọ síta lọ ra súìtì, mo sún mọ́ Ìyá Àgbà, mo bi wọ́n bóyá Táyé ní aṣọ yẹ́lò kan rí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní aṣọ tí ẹ rà fún àwọn méjèèjì lọ́dún Iléyá tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀ ni, pé òun ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ. Wọ́n ní láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ẹ bá rà fún Kẹ́hìndé, méjì ni ẹ máa ń rà á: bàtà méjì, hìjáábù méjì, síbí méjì. Àwọn á fi ti Táyé sínú àpótí títí di ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn tó fi ta ọmọ aláìní kan lọ́rẹ. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti lọ sí ilé ọkọ ní Tápà ni nǹkan ti ń wá ní ẹyọ kan. Yunifọ́ọ̀mù kan. Báàgì kan. Wọ́n ní, "Mi ò lè bá ọkọ ọmọ mi sọ ọ́. Àna ni mí." Wọ́n tún ní Kẹ́hìndé kì í jẹ oúnjẹ tán mọ́. Á pín in sí méjì nínú àwo, á jẹ apá kan, á ní èkejì kì í ṣe tòun.

Mo tú síídì náà nínú ìwé ìròyìn nígbà tí Alhaji lọ sọ́jà. Mo fẹ́ rí i pé irọ́ ni mo pa fún ara mi. Ọmọbìnrin náà kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ yín lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ kò rí i, ẹ ń kí àlejò. Ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè, bí ọmọ tó ń dúró de ẹran lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọrin, ìdùnnú pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀ orin náà, ohùn tí kò yára, tí kò sì bínú. Ó ń sọ pé, "Tèmi ńkọ́?" Á tún sọ ọ́. "Tèmi ńkọ́?" Síídì tí a ti bọ́ọ̀nù ni o. Olùkọ́ wa ní Èrúwà ti ṣàlàyé ìdí tí nǹkan kan kò fi lè yí padà lórí rẹ̀, mo sì kọ ìdáhùn náà nínú ìdánwò, wọ́n fún mi ní máàkì.

Ọjọ́ kejì ni ibà gbé Kẹ́hìndé dè. Ṣẹ́gunfúnmi ọlọ́kadà ló gbé òun àti Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa lọ. Mo lọ kí i nílé. Ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ká a, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní kí n bá òun kí yín. Ó ní, "Táyé ní bí tòun ò bá wá sílé, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ká jọ máa lo ẹyọ kan." Ìyá Àgbà bú sẹ́kún, wọ́n jáde. Mo ní, "Kẹ́hìndé, má tíì lọ. Jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe." Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣèlérí. Èmi tí mi ò lè dáhùn ìbéèrè nínú kíláàsì.

Mo bẹ Alhaji pé kí wọ́n jẹ́ kí n bọ́ọ̀nù èkejì. Wọ́n ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mi ò ti gbìyànjú?" Wọ́n fa kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi àwọn síídì tó ti bàjẹ́ hàn mí, wọ́n pọ̀ bí àwo lẹ́yìn ìnáwó. Wọ́n ní bí àwọn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, á dé ààbọ̀, á sì kọ̀. Èmi náà fi òmíràn sí i. Ó dé ààbọ̀, ó kọ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Ó kọ̀. Alhaji ní iná ìjọba ni, pé kò dúró déédéé. Ohùn wọn kò gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Alhaji lọ kírun, mo dá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà náà ń kan gbọ̀ngbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́. Mo fi pásípọ́ọ̀tù Kẹ́hìndé, tó jẹ́ ojú Táyé náà, sára ohun tí mo fẹ́ bọ́ọ̀nù, mo sì fi fọ́tò kan sí i tí mo ya nílé Ìyá Àgbà: yunifọ́ọ̀mù yẹn, bí ó ṣe wà lórí ẹní, ní kíká, kí Táyé náà lè ní tirẹ̀. Mo ti síídì bọ ẹ̀rọ. Ó tún dé ààbọ̀, ó dúró. Nígbà náà ni mo rántí bí màmá mi ṣe máa ń pín ẹran fún èmi àti àwọn àbúrò mi. Wọn kì í kàn gbé e kalẹ̀. Wọ́n máa ń pe orúkọ onítọ̀hún kí wọ́n tó nawọ́ rẹ̀ sí i. Gbogbo síídì tí a ti gbìyànjú láti kọ, a kò tíì sọ fún Táyé pé tirẹ̀ ni.

Mo ka Bísímílláhì. Ẹ̀rù bà mí, mo bẹ Ọlọ́run pé bí ohun tí mo fẹ́ ṣe kò bá dára, kó má kà á sí mi lọ́rùn. Mo fọwọ́ lé ẹ̀rọ náà, mo ní, "Táyé, tìẹ nìyí." Ohùn mi kéré. Mo tún un sọ sókè. "Táyé ọmọ Ìyá Ìbejì, tìẹ nìyí. Kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Gbà á." Iná kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Ó kọjá ààbọ̀. Ó lọ tààrà dé òpin. Síídì tí mo yọ gbóná. Gbogbo síídì ló máa ń gbóná bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí gbóná bí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn. Mo mú máákà, mo kọ Táyé sí i lára.

Mo wo méjèèjì. Ọmọ méjì wà lórí itan yín nínú méjèèjì, wọ́n ń sùn. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọbìnrin náà jókòó sí, aṣọ yẹ́lò kan wà níbẹ̀. Wọ́n ká a dáadáa, bí ènìyàn ṣe ń ká aṣọ tí kò bá a mu mọ́.

Bí mo ti ń wò ó lọ́wọ́, Ìyá Àgbà rán ọmọ ilé wọn kan sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo sáré. Kẹ́hìndé ti dìde jókòó, òógùn bò ó, ibà ti wálẹ̀. Ó ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Kò pín in sí méjì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu àwo, ó ní ṣé ó kù. Ìyá Àgbà ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bu òmíràn sí i. Mo bi í bóyá Táyé tún sọ nǹkan. Ó jẹ ti ẹnu rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Ó ní òun ti gba tòun."

Ní àárọ̀ òní, kọ̀ǹpútà Alhaji dákẹ́. Kò kan mọ́, kò tàn mọ́. Ohun tó kù nínú ìkómọ àwọn ọmọ yín nílé ayé ni síídì méjì tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mi ò kọ èyí láti kọ́ yín ní ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ni èmi náà, mi ò sì mọ ìwé tó Bàbá Sàláúdéènì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú mi ló ṣe mí, pé ẹ̀rọ ògbólógbòó ló ń ṣe ségesège, pé ibà Kẹ́hìndé ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Gbogbo òru ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Iléyá ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń ra aṣọ Kẹ́hìndé, ẹ ra méjì, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ pé ti Táyé ni èkejì kí ẹ tó fi ta ọmọ aláìní lọ́rẹ. Bí Bàbá Sàláúdéènì bá bèèrè, sàráà ni, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan tún wá. Mi ò mọ ohun tí mo lè bọ́ọ̀nù nígbà mìíràn, nítorí kò sí ohun tí a ó dà kọ mọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún àwọn ọmọ yín. Èyí tó wà ní Tápà, kó dàgbà lójú yín. Èyí tó wà ní Igbó-Ọrà, kó gbẹ̀yìn yín. Èyí tó rìnrìn àjò, kí ibùsùn rẹ̀ tù ú lára. Kí ẹ má rí ìpè òjijì. Kí ó jẹ́ pé ẹ ó máa fi ọwọ́ méjèèjì gba ire.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò bí, tó sì ń tọrọ àforíjì títí di ìsinsìnyí,

Làtíífàt.

Àfikún: Síídì méjì ni mo fi sínú àpò yìí o. Alhaji ń wò mí nígbà tí mo ń kó wọn sí i, ọ̀kan ti Kẹ́hìndé, ọ̀kan ti Táyé, mo sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹnu rẹ̀ kí n tó fà á lé Ṣẹ́gunfúnmi lọ́wọ́. Ọmọlúàbí ni Ṣẹ́gunfúnmi, kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù. Nítorí náà, bí ẹ bá tú u tí ẹ sì bá ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má bi í léèrè, ẹ má sì wá èkejì: ẹni tó ni í ló gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́tà yìí pamọ́ síbi tí ọwọ́ Bàbá Sàláúdéènì kò ní tó o, ẹ má sì jẹ́ kí Kẹ́hìndé mọ̀ láé pé mo kọ̀wé sí yín.